Kí Orúkọ Oníṣẹ́ Ọnà Má Ṣe Nù Lọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí, nítorí pé ó kan aṣọ tí a ń wọ̀, ère tí a ń gbẹ́, àti ọmọ tí a ń tọ́. Ní ilẹ̀ Òkun lónìí, láti Kàbà dé Ìjùmú, láti Bùnú dé Ìyàgbà, a ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n sì ń fi fóònù ọwọ́ wọn tà á fún ẹni tí wọn kò rí rí, ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Wọn kò gba ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní ọ̀gá, wọn kò sì gbé ọjà wọn lé alágbàtà lọ́wọ́. Inú àwọn àgbà kan ń dùn sí i. Àwọn mìíràn ń fi ojú ìfura wò ó, wọ́n ń wí pé òwò orí fóònù kò yàtọ̀ sí jìbìtì. Èrò tèmi ni pé ọjà tuntun yìí lè gba iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é àfi bí oníṣẹ́ bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ tà, tí àwa ará ilé sì dúró tì í. Bí orúkọ bá nù, ọjà yòówù tí a bá gbé iṣẹ́ náà lọ, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí oníṣẹ́ ọnà ti ń jẹun ní ayé àtijọ́. Ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ru ère kiri ọjà. Ọba tàbí ìjòyè ni yóò ránṣẹ́ pè é. Yóò wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, a ó fún un ní yàrá, a ó máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ yóò fi parí, a ó sì fi ẹ̀bùn sìn ín lọ sílé. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ a sì wọ inú oríkì. Kò sí ìdí tí yóò fi kọ orúkọ sí ara igi, nítorí pé ẹnu àwọn ènìyàn ni ìwé rẹ̀. Ètò yìí dára ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kúrò nílùú, tí ẹnu àwọn ènìyàn kò sì bá a lọ, orúkọ dúró sílé, iṣẹ́ nìkan ni ó rìnrìn àjò.

Ẹ wo ọ̀ràn Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, tí ó gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó sì kú ní nǹkan bí 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí ó fi hàn lára rẹ̀ bí ọba ti jókòó gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àlejò. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ kan tí a kàn fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò dá Ògògà lẹ́bi, nítorí ohun ìní ààfin rẹ̀ ni, ó sì ṣe bí ọba. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni èyí: ọba gba ìtẹ́, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gba ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ọba tó mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Bí ti Èkìtì bá jìnnà sí wa, ti Bùnú kò jìnnà. Gbogbo wa ni a mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹni ńlá. Ọ̀mọ̀wé Elisha Renne, obìnrin ará Amẹ́ríkà, wá gbé láàárín àwọn ènìyàn Bùnú láti kọ́ nípa aṣọ wọn, ìwé rẹ̀, Cloth That Does Not Die, sì jáde ní 1995. Ó fi hàn fún gbogbo ayé bí aṣọ ti wọ inú ìgbéyàwó, oyè àti ìsìnkú ní ilẹ̀ wa. Aṣọ wa wà ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ irú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹ̀yà àti orúkọ ẹni tí ó kó wọn lọ. Orúkọ ìyá tí ó jókòó sídìí òfì títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, a kò rí i. Ìwé Mímọ́ kò ṣe báyìí sí oníṣẹ́. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àgọ́ ní aginjù, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó dárúkọ Bésálẹ́lì, ó dárúkọ baba rẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀, ó sì jẹ́rìí sí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Bí a kò bá pa orúkọ agbẹ́gi àti alágbẹ̀dẹ rẹ́ nínú ìwé Ẹ́kísódù, ta ni àwa tí a ó fi pa á rẹ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé oníṣẹ́ ọnà kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ jẹun, kí ó wo Ògìdì ní Ìjùmú. Níbẹ̀ ni a bí Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé ní 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, ìyá-ńlá rẹ̀ tí ó jẹ́ ahunṣọ ni ó tọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ òfì ìyá yìí ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lọ sí Òṣogbo, ó kọ́ iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ní 1968 ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé àṣà àwọn ará Jámánì ní Èkó. Ní 1974 ó dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ láìsan owó. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ilé ìpàtẹ ní Èkó àti ní Àbújá, kò sì gbàgbé Ògìdì, nítorí ó dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára pọ̀ ní ilẹ̀ yìí tí a kò mọ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa tà láìdárúkọ. Ó kọ́ ilé ọjà ara rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ilé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè rí ilẹ̀ rà kí ó fi kọ́lé ìpàtẹ. Ibí yìí ni fóònù ti wúlò. Ọmọbìnrin tí ó ń hun aṣọ ní abúlé kan ní Bùnú lè ya àwòrán aṣọ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ọnà aṣọ náà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá gbé e lọ sí ilé ìpàtẹ, onílé lè gba ìdajì owó náà. Èyí kì í ṣe olè jíjà, nítorí onílé ń san owó ilé àti iná, ó sì mọ àwọn olówó tí ń rajà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn kò lè dúnàádúrà pẹ̀lú onílé. Ẹni tí ó ní fóònù lè ṣe é.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní onílẹ̀. Ó ní onílẹ̀, onílẹ̀ náà sì jìnnà. Etsy, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2005, gbé owó tí ó ń gbà lórí ọjà títà kúrò ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 6.5 ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tajà níbẹ̀ sì ti ìsọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan láti fi ẹ̀hónú hàn. PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà a lè fi owó ránṣẹ́, a kò lè gba owó. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ wa dá Paystack àti Flutterwave sílẹ̀ ní Èkó kí ọ̀nà tó là fún oníṣòwò kékeré. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ ní gbogbo ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ìjọba àpapọ̀ tiwa pẹ̀lú ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn tí ó fi ibẹ̀ ṣe ìsọ̀ nìkan ṣoṣo sì dúró láìní ìsọ̀ fún oṣù méje. Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ni kí ó ra ìwé kan, kí ó máa kọ orúkọ àti ibùgbé gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí i, iṣẹ́ tí ó tà fún wọn àti iye tí ó tà á. Onílẹ̀ lè ti ọjà pa lóru. Kò lè gba ìwé tí ń bẹ nínú àpótí rẹ.

Ìmọ̀ràn kejì jẹ mọ́ iye. Àwọn ọmọ wa ń ta iṣẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ jù, nítorí ìkánjú pé kí ẹnì kan ṣáà rà á. Kí a wí pé obìnrin kan ra òwú àti aró ní N9,000, ó fi ọjọ́ 12 hun aṣọ kan, ó sì tà á ní N15,000. Ó ń yọ̀ pé òun jèrè N6,000. Ẹ fi ọjọ́ 12 pín in: N500 péré ni ó gbà lójúmọ́, a kò tíì yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni a kò ka aṣọ tí ó bàjẹ́ lórí òfì. Ta ni nínú yín tí yóò rí alágbàṣe tí yóò ro oko fún un ní N500 lójúmọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà, ohun tí ó jẹ́ owó kékeré lójú ará òkèèrè dà bí owó ńlá lójú tiwa, ìdẹwò náà sì pọ̀ sí i. Àwọn baba wa wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n. Bí ó ti rí pẹ̀lú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú iṣẹ́: iye tí oníṣẹ́ kọ́kọ́ dá lé e ni ayé yóò máa fi wò ó. Ọmọ tí ó sì rí i pé òfì kò bọ́ ìyá òun kò ní jókòó sídìí rẹ̀ láéláé.

Ìmọ̀ràn kẹta jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ tí ó kù lẹ́yìn títà. Ẹni tí ó ra àwòrán kò ra ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, èyíinì ni ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sí aṣọ tàbí sí ìwé kí ó sì máa tà á. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ náà lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ títí ayé rẹ̀, àti fún àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí a óò bá sì gbé e fún ẹlòmíràn pátápátá, àfi kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ yín ni ó mọ àwòrán Tútù, tí Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, yà láti ara Adétùtú Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, ní ìgbà 1973 sí 1974. Ẹ̀dà rẹ̀ tí a tẹ̀ sí ìwé wà lára ògiri ní ọ̀pọ̀ ilé. Enwonwu kú ní 1994. Ní 2017 a rí ọ̀kan nínú àwọn ojúlówó rẹ̀ nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé gbàǹjo Bonhams sì tà á ní oṣù kejì ọdún 2018 ní £1,205,000. Kò sí oníṣẹ́ tí ó lè mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò dà lẹ́yìn ọjọ́ tirẹ̀. Èyí ni ó fi yẹ kí ó máa fi ìwé pẹlẹbẹ kan tẹ̀lé gbogbo ohun tí ó bá tà, tí a kọ orúkọ rẹ̀, ọdún, àti ẹ̀tọ́ tí ó dì mú sí.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ọnà àtijọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, òfin yìí kò lè fi í fún ẹnì kan. Ẹ sì wo Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí aṣọ tí ẹ̀rọ ilẹ̀ Ṣáínà tẹ̀ jáde ti ń bá ojúlówó àdìrẹ du ojú ọ̀nà, ní owó tí aláró kò lè bá a dù. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà kò lè tẹ̀ jáde: kò lè sọ pé, ìyá báyìí ní ìlú báyìí ni ó ṣe aṣọ yìí, ẹ wá bi í léèrè. Ẹni tí ó bá ní orúkọ, tí orúkọ náà sì ní ìlú lẹ́yìn, ó ní ohun tí ayédèrú kò ní.

Mo ti dé ibi ìbẹ̀rù àwọn àgbà wàyí, n kò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Lóòótọ́ ni jìbìtì ti ba orúkọ wa jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ará òkèèrè tí ó rí orúkọ Nàìjíríà a sì di àpò rẹ̀ mú. Àwa kò ní fi bíbínú wo èyí sàn, bí kò ṣe òtítọ́. Kí oníṣẹ́ ya àwòrán ọjà rẹ̀ ní ojúmọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn bí ó ti rí. Kí ó wọn ìbú àti gígùn rẹ̀. Bí òwú rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, kí ó sọ ọ́. Bí ó bá dá ọjọ́ ìfiránṣẹ́, kí ó má ṣe yẹ̀ ẹ́. Agbẹ́gilére tí yóò fi ère ránṣẹ́ sí òkèèrè, kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń ṣe àbójútó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a má ba gba ère tuntun lọ́wọ́ oníbàárà pé ohun àtijọ́ tí a jí ni. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ó bá sì bá a, kì í ṣe ẹni tí ó pa irọ́ nìkan ni ọjà náà yóò lé jáde, àwa gbogbo ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn àgbà wí tí mo fara mọ́: kì í ṣe ohun gbogbo ni ó yẹ fún títà. Ìpò tí a fi bo òkú olóyè kì í ṣe ọjà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó. Kí àwọn olóyè wa jókòó, kí wọ́n sọ ní gbangba èyí tí ó lè jáde nílé àti èyí tí kò lè jáde. Ọmọ tí a kò là á yé kò ní ẹ̀bi bí ó bá tà á.

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tààrà báyìí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ oyè tàbí kí ẹ gbé ọmọ níyàwó, ẹ pe oníṣẹ́ ìlú yín, ẹ dá iṣẹ́ fún un, ẹ san owó rẹ̀ pé. Ẹ má ṣe wí pé, “Ọmọ wa ni ọ́, fi ta wá lọ́rẹ.” Ọmọ yín ni, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ẹni tí ó hun aṣọ ọrùn yín, bí a ti ń dárúkọ ẹni tí ó lu ìlù. Mo ní ìdí pàtàkì tí mo fi wí èyí. Oníṣẹ́ tí ó jẹ́ pé òkèèrè nìkan ni a ti ń rà á yóò máa ṣe ohun tí ará òkèèrè ń rò pé a jẹ́. Láìpẹ́ yóò gbàgbé ohun tí a jẹ́ ní tòótọ́. Ará ilé tí ó mọ ìtumọ̀ ọnà náà, tí ó lè wí pé, “Èyí dára, èyí kò tọ̀nà,” òun ni yóò pa iṣẹ́ náà mọ́.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo dá a lábàá pé kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a ṣí ìwé kan sílẹ̀ ní Kàbà, kí a kọ orúkọ gbogbo ahunṣọ, agbẹ́gilére, aláró àti ayàwòrán ilẹ̀ Òkun tí ó bá fẹ́ sí i, pẹ̀lú àwòrán iṣẹ́ wọn àti ọjọ́ tí a kọ ọ́, kí ìlú lè jẹ́rìí sí wọn bí ẹnì kan bá bi wá léèrè. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ fóònù lò jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí òfì ṣì wà nílé wọn, kí ọmọ ya àwòrán, kí ìyá sọ orúkọ ọnà, kí a sì fi orúkọ ìyá tà á, kí owó náà sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fi ìṣirò iye àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ilé ìwé wa, nítorí a ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ṣe ohun, a kì í kọ́ ọ ní bí a ti ń tà á láìdi ẹrú.

Àwọn ìyá tí ó mọ orúkọ gbogbo ọnà wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́, ọdún kò sì dúró dè wá. Ìwé tí mo ń sọ yìí kò náni lówó púpọ̀, ẹni tí yóò kọ ọ́ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ yan ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tí ó dàgbà jùlọ.